Kí Ni Oedipus Ṣe? Àtúnṣe sí Ìdáhùn Kan

 Ìdáhùn kan wà tí mo fún àwọn kan nínú yín ní kíláàsì, ó ti ń lọ sí ogójì ọdún báyìí, tí mo fẹ́ gbà padà lónìí. Àgbà náà a máa ṣìṣe. Èyí tó burú ni kí àgbà mọ̀ pé òun ṣìṣe kó sì fi ewú orí bò ó mọ́lẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ kan lọ fún ìsinmi, wọ́n wá yá mi láti bá wọn kọ́ kọ́ọ̀sì eré oníṣe fún sáà kan. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mí, kì í ṣe oko mi gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbà. A ka eré Sophocles tó dá lórí Ọba Oedipus, ọkùnrin tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Nígbà tí mo parí, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an?" Kíá ni mo dá a lóhùn: ìgbéraga ni, àti ìbínú òdì. Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Òun nìkan ni kò kọ ọ́.

Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Dírẹ́bà lọ́rì ni bàbá rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ọmọ kékeré kan sáré já sí títì níwájú lọ́rì rẹ̀, ọmọ náà sì kú. Wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní bàbá náà kò jẹ̀bi: kò sáré, kò mutí, bíréèkì rẹ̀ dáa. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà kò wa ọkọ̀ mọ́, kì í sì í bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà mọ́. Àwọn aládùúgbò wá ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà tó ti ṣe sẹ́yìn tí ẹ̀san rẹ̀ fi dé. Ọmọbìnrin náà ń wá ọ̀rọ̀ tí òun lè mú lọ bá bàbá rẹ̀ nílé. Èmi wá fún un ní "ìgbéraga".

N kò rí nǹkan kan sọ lọ́jọ́ náà ju "pẹ̀lẹ́" lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka eré yìí àti òfin àwọn tó ni eré náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tó tàsé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ìtàn náà. Laius, ọba Thebes, gbọ́ láti ẹnu òrìṣà Apollo pé ọmọ tí òun bá bí yóò pa òun. Nígbà tí ayaba Jocasta bímọ, wọ́n gún ọmọ náà ní kókósẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ní kí darandaran kan lọ jù ú sórí òkè Cithaeron kó kú síbẹ̀. Àánú ọmọ ṣe darandaran náà, ó gbé e fún darandaran mìíràn tó wá láti Kọ́ríńtì, ọmọ náà sì di ọmọ ọba Polybus ní ìlú náà. Nígbà tó dàgbà, ọ̀mùtí kan sọ fún un níbi àsè pé kì í ṣe ọmọ bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Delphi láti béèrè. Apollo kò dáhùn ohun tó béèrè. Ó ní yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Oedipus bá sá, kò padà sí Kọ́ríńtì mọ́. Ní oríta mẹ́ta, arúgbó kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fẹ́ tì í kúrò lọ́nà, arúgbó náà fi ọ̀pá gbá a lórí, òun náà sì pa wọ́n. Ó dé Thebes, ó já àlọ́ àdììtú tí Sphinx fi ń dá ìlú náà lóró, wọ́n fi í jọba, wọ́n sì fún un ní ayaba opó. Gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn ń pa Thebes, wọ́n sì ní àfi kí wọ́n lé ẹni tó pa Laius jáde kí ìlú tó lè rójú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwé girama nígbà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti mọ ìtàn yìí lọ́nà mìíràn. Ọlá Rótìmí gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971. Ó yí ibì kan padà tó ṣe pàtàkì. Nínú tirẹ̀, kì í ṣe oríta ni Ọdẹ́wálé ti pa bàbá rẹ̀, oko ni, nínú ìjà lórí oko, nígbà tí arúgbó náà bú ẹ̀yà tí Ọdẹ́wálé rò pé òun ti wá. Ní ìparí, Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má dá àwọn òrìṣà lẹ́bi, pé ìfẹ́ ẹ̀yà ẹni tó pọ̀ jù ló ṣe òun. Ogun abẹ́lé ń lọ ní Nàìjíríà lọ́dún náà; ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí Rótìmí ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ ló sọ.

Ṣùgbọ́n Rótìmí ló sọ ọ́, Sophocles kọ́. Mo mú ìdáhùn eré kan, mo fi dáhùn ìbéèrè eré mìíràn. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìkejì wá láti inú Bíbélì, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ìpín

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe kádàrá ni moira. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe kan tó túmọ̀ sí "gba ìpín tirẹ̀" ló ti jáde. Nínú ewì Homer, moira lè jẹ́ ìpín ẹran níbi àsè, ó sì lè jẹ́ ikú tó kan èèyàn. Ẹ wo bó ṣe bá tiwa mu: "pín" ló bí "ìpín", a sì ń pín ẹran, a tún ń sọ̀rọ̀ ìpín ẹni láyé. Èdè méjì tí kò bá ara wọn tan, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Ibi tí wọ́n ti yà ni ti ẹni tó ń pín. Àwa ní àkúnlẹ̀yàn: a kúnlẹ̀, a yàn, a dáyé tán ojú ń kán wa. Oedipus kò kúnlẹ̀ níbì kan. Kí wọ́n tó bí i ni ọ̀rọ̀ ti jáde lórí rẹ̀. Plato ló wá sọ ohun tó jọ tiwa nígbà tó yá, ní ìparí ìwé rẹ̀ Republic, ìyẹn lẹ́yìn tí Sophocles ti kú tó bí ọgbọ̀n ọdún. Ó ní àwọn ọkàn a máa yan ìgbé ayé tí wọn yóò gbé, wọn a mu omi odò ìgbàgbé, wọn a sì wá sáyé; nítorí náà ẹni tó yàn ló ni ẹ̀bi, òrìṣà kò ní ẹ̀bi kankan. Bí mo bá ń ka ibẹ̀, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé babaláwo kan ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ a kò lè fi ọ̀rọ̀ Plato ran Sophocles lọ́wọ́. Kò sí yíyàn nínú ìtàn Oedipus.

Ṣé pé òrìṣà ló fi ipá mú un ni? Ẹ fara balẹ̀ wo gírámà ọ̀rọ̀ náà. Ìyàtọ̀ wà láàrin "yóò pa bàbá rẹ̀" àti "kí ó pa bàbá rẹ̀". Apollo sọ èyí àkọ́kọ́. Kò sí ibì kankan nínú eré náà tó ti sọ èkejì. Ẹni tó ní òjò yóò rọ̀ kọ́ ló rọ òjò. Èyí tó sì tún wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ohun tí Oedipus ń ṣe lójú wa nínú eré, ìyẹn ìwádìí náà, kò sí àfọ̀ṣẹ kankan tó ní yóò ṣe é. Wọ́n ní yóò pa. Wọ́n ní yóò fẹ́. Kò sẹ́ni tó ní yóò wádìí. Tiresias ní kó má wádìí, Jocasta bẹ̀ ẹ́ kó má wádìí, darandaran bẹ̀ ẹ́. Ó wádìí. Ìyẹn nìkan ni tirẹ̀ gan-an.

Títàsé

Aristotle, tó kú ní ọdún 322 ṣáájú Kristi, ló kọ ìwé kékeré nípa iṣẹ́ ewì tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ó ní ẹni tí eré ìbànújẹ́ bá a mu jù ni ẹni tí kì í ṣe ẹni mímọ́, tí kì í sì í ṣe ìkà, tó bọ́ sínú àgbákò nítorí hamartia kan, kì í ṣe nítorí ìwà ibi. Ó dárúkọ Oedipus síbẹ̀.

Bíbélì ló jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ yìí gba ibi tí kò yẹ. Àwọn tó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ láti èdè Hébérù sí Gíríìkì, àti àwọn tó kọ Májẹ̀mú Tuntun lẹ́yìn wọn, hamartia yìí gan-an ni wọ́n lò fún ohun tí Bíbélì tiwa, tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ parí rẹ̀ ní 1884, pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Róòmù kó tó ka Aristotle, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ "ẹ̀ṣẹ̀". Ohun tó ṣe mí nìyẹn, ó sì ṣe ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Yúróòpù náà, wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri ara Oedipus bí ẹni ń wá iná orí.

Àmọ́ nínú Homer, tó ṣáájú gbogbo wọn, ìgbà tí jagunjagun bá ju ọ̀kọ̀ tí ọ̀kọ̀ náà kò bá ẹni tó jù ú sí ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀. A ní in ní Yorùbá, a kò tiẹ̀ ní láti wá a jìnnà: tàsé ni. Ọdẹ ta ọfà, ó tàsé. A ń lò ó fún ọ̀rọ̀ náà: ọ̀rọ̀ rẹ tàsé. Ká ní ẹni tó kọ́ mi ní Aristotle ti sọ fún mi pé "títàsé" ni, n bá má ti dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn báyẹn. Ẹni tó tàsé kì í ṣe onígbéraga. Ó fojú sun ibì kan, ọfà bọ́ sí ibòmíràn. Oedipus fojú sun ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kó pa bàbá rẹ̀, ọ̀nà náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Àbàwọ́n

Ọ̀rọ̀ kẹta ni miasma. Èyí ni Creon, arákùnrin Jocasta, gbé bọ̀ láti Delphi: miasma kan wà ní ilẹ̀ Thebes, kí wọ́n lé e jáde. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí i túmọ̀ sí kí a kun nǹkan láró, kí a tọ́ nǹkan sára nǹkan. Homer lò ó fún obìnrin tó ń fi aró pọn eyín erin. Nítorí náà àbàwọ́n ni mo máa pè é. Bí o bá gba ìdí ìkòkò aró kọjá ní Abẹ́òkúta tí aró ta sí ọ lára, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ bóyá o mọ̀ọ́mọ̀. Aró ti wà lára aṣọ. Bí o bá fara kan ẹlòmíràn, yóò kàn án. Fífọ̀ ló kù.

Bí àwọn Gíríìkì ṣe rí ìtàjẹ̀sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin mọ̀ọ́mọ̀ àti àìmọ̀ọ́mọ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ní nǹkan bí ọdún 621 ṣáájú Kristi ni Draco ti ṣe òfin fún Áténì lórí ìpànìyàn, wọ́n sì tún un fín sára òkúta ní 409, nígbà tí Sophocles ṣì wà láyé. Òkúta náà ṣì wà ní mùsíọ́mù ní Áténì títí dòní. Òfin náà ní ẹni tó bá pa èèyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ yóò lọ sí ìgbèkùn, ṣùgbọ́n bí bàbá òkú, àwọn arákùnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá fohùn ṣọ̀kan láti dárí jì í, ó lè padà wálé. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn bá kọ̀, ó ti parí nìyẹn.

Kóòtù wọn pọ̀. Areopagus, tí ẹ̀yin oníbíbélì mọ̀ nítorí Pọ́ọ̀lù wàásù níbẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn. Palladion ni ti ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀. Delphinion ni ti ẹni tó ní lóòótọ́ òun pa á, ṣùgbọ́n òfin gbà á. Wọ́n tún ní ọ̀kan, Prytaneion, tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ fún ẹran tàbí òkúta tàbí igi tó pa èèyàn. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, kí adájọ́ àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ má baà wà lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ẹ rí i pé ẹ̀bi àti àbàwọ́n kì í ṣe nǹkan kan náà. Ẹ̀bi, kóòtù ni yóò sọ. Àbàwọ́n, ó ti wà lára kí kóòtù tó jókòó.

Ọ̀kọ̀ ní pápá eré

Ibi tí mo ti jókòó tí mo sì pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀ nìyí. Antiphon, agbẹjọ́rò ará Áténì tó gbé ní àsìkò kan náà pẹ̀lú Sophocles, kọ àwọn ẹjọ́ àfiṣàpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní bí a ti ń rojọ́. Ọ̀kan nínú wọn lọ báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọ̀kọ̀ díje ní pápá eré. Ọ̀kọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ọkọ̀, ẹ wo àmì ohùn. Ọmọ kan já sí ojú ọ̀nà ọ̀kọ̀ tí ọ̀dọ́ kan ti jù, ọ̀kọ̀ bá a, ó kú. Bàbá òkú pe ẹjọ́. Bàbá ẹni tó jù ú dìde láti gbèjà ọmọ rẹ̀: ó ní ibi tó yẹ kí ọmọ òun ju ọ̀kọ̀ sí náà ló jù ú sí, pé ọmọ tó sáré já síbẹ̀ ló ṣe hamartia, òun ló tàsé. Bàbá òkú dáhùn pé báwo ni ẹni tó kú yóò tún ṣe wá di ẹlẹ́bi ikú ara rẹ̀? Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé náà kò sọ ibi tí ẹjọ́ parí sí.

Plutarch náà sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa Pericles, olórí Áténì. Ọ̀kọ̀ pa ọkùnrin kan níbi ìdíje, Pericles àti ọ̀jọ̀gbọ́n Protagoras sì fi odindi ọjọ́ kan jiyàn bóyá ọ̀kọ̀ ló jẹ̀bi ni, tàbí ẹni tó jù ú, tàbí àwọn tó ṣètò ìdíje. Ọmọ Pericles fúnra rẹ̀ ló ń fi ìtàn yìí ṣe bàbá rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́ káàkiri ìlú. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo rí lọ́rì kan, mo rí títì kan, mo rí ọmọ kékeré kan.

Nítorí náà, irú ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí ni Áténì ń bi ara rẹ̀ ní kóòtù àti ní tíátà. Ní ọdún 430, ọdún kejì ogun wọn pẹ̀lú Sparta, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú náà, ó pa àìmọye èèyàn. Pericles fúnra rẹ̀ kú ní 429. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Sophocles gbé eré Oedipus jáde níbi ọdún Dionysus, pẹ̀lú ìlú tó ń kú níwájú ààfin. Àwọn tó jókòó lórí àga onígi lẹ́bàá òkè Acropolis kò nílò àlàyé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú bọ̀ ni.

Ta ló mọ̀ ọ́n?

A máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti Oedipus le ju ìyẹn lọ: ẹni tó ṣe é kò gbàgbé, kò mọ̀ rárá ni. Ó rántí oríta náà dáadáa, ó rántí ọ̀pá tí arúgbó fi gbá a. Ohun tí kò mọ̀ ni orúkọ tí ó yẹ kó pe ohun tó ṣe.

Ẹ wá wo bí gírámà ṣe fi ẹ̀bi pamọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sá là ní oríta. Nígbà tó délé, ó ní àwọn ọlọ́ṣà ló pa ọba. Àwọn, ọ̀pọ̀. Creon tún un sọ fún Oedipus bẹ́ẹ̀. Oedipus dáhùn lójú ẹsẹ̀: báwo ni ọlọ́ṣà náà ṣe láyà tó bẹ́ẹ̀? Ó ti sọ ọ́ di ẹyọ kan láìfura. Nígbà tí Jocasta wá dárúkọ oríta mẹ́ta, tí àyà Oedipus já, ohun kan tó dì mú ni iye wọn: bí ẹni tó sá là náà bá ṣì ní ọ̀pọ̀ ni wọ́n, kì í ṣe òun nìyẹn, nítorí ẹnì kan kò lè jẹ́ ọ̀pọ̀. Ẹ̀mí ọba rọ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ibẹ̀ sí Yorùbá yóò làágùn, torí "ọlọ́ṣà ló pa á" nínú èdè wa lè jẹ́ ẹnì kan, ó lè jẹ́ ogún. Àfi kó fi "àwọn" sí i, kó sì jẹ́ kí Oedipus yọ ọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rìí náà. Ó dé. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní iye ọlọ́ṣà mọ́. Ìbéèrè mìíràn ti gba ibẹ̀, torí ìránṣẹ́ kan ti dé láti Kọ́ríńtì, ó sì ti sọ fún Oedipus pé ọmọ tí wọ́n gbé fún òun lórí òkè ni. Ẹlẹ́rìí oríta náà gan-an ni darandaran tó gbé ọmọ náà fún un.

Ibẹ̀ ni ohun tí n kò fi ojú sí tẹ́lẹ̀ ti jáde. Jocasta ti sọ pé Laius ló gún ọmọ náà ní ẹsẹ̀, tó sì mú kí ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn gbé e jù. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn: kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n fún darandaran náà lọ́rùn, ó ní Jocasta fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà lé òun lọ́wọ́, pé kí òun pa á. Ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtàn yìí tó jẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ pète láti pa ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun ni, àwọn òbí ló ṣe é. Ìyẹn ni ẹ̀bi tó fara pamọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Èmi sì dúró níwájú kíláàsì, mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀ lára ọmọ tí wọ́n gún lẹ́sẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, Oidipous, "ẹlẹ́sẹ̀ wíwú" ló túmọ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é ni wọ́n ń dárúkọ ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Jocasta wọlé, ó pokùnso. Oedipus fi pín-ìnnì aṣọ rẹ̀ gún ojú ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í pé òrìṣà wo ló tì í, ó ní Apollo ló mú ìjìyà òun ṣẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gún ojú, ọwọ́ òun ni. Ẹ ò rí i, ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àwo kan.

Ohun tí ǹ bá ti sọ

Sophocles tún padà sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di arúgbó. Ó kú ní nǹkan bí ọdún 406, tó ti lé ní 85. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sọ ní orúkọ kan náà, ló gbé eré Oedipus ní Colonus jáde ní 401. Ní Colonus náà ni wọ́n bí Sophocles sí. Nínú eré yìí, Oedipus ti darúgbó, ó fọ́jú, ọmọbìnrin rẹ̀ Antigone ló ń fà á lọ́wọ́ kiri.

Ó wá ń rojọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun kò jẹ̀bi lábẹ́ òfin. Ó ní òun jìyà ohun tó ṣẹlẹ̀ ju pé òun ṣe é lọ, òun kò mọ̀. Ó bi Creon léèrè pé bí ẹnì kan bá dìde níbí yìí láti pa á, ṣé yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá bàbá òun ni, tàbí yóò gbèjà ara rẹ̀? Creon kò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Theseus ọba Áténì gba àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó nawọ́ láti di ọwọ́ ọba mú. Ó sì dá ọwọ́ náà dúró. Ó ní báwo ni òun ṣe máa jẹ́ kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fara kan òun tí àbàwọ́n wà lára òun? Ẹnu kan náà tó ní òun kò jẹ̀bi ló sọ ọ́. Kò tako ara rẹ̀. Ohun méjì ló ń sọ, òótọ́ sì ni méjèèjì.

Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn, tí kò lè bá ọmọ rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà. Kò jẹ̀bi, ó sì mọ̀. Àbàwọ́n wà lára rẹ̀, ó mọ ìyẹn náà. Àwọn tó ń tù ú nínú ń sọ àkọ́kọ́ fún un lójoojúmọ́, "ẹ kò jẹ̀bi, ẹ gbàgbé ẹ̀," kò sì ràn án lọ́wọ́, torí ìyẹn kọ́ ló ń dà á láàmú. Àwọn aládùúgbò gbọ́ òórùn èkejì, wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Olùkọ́ ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì náà ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ǹ bá ti sọ fún ọmọ náà pé: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ kò tilẹ̀ tàsé. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n má ṣe bá a jiyàn pé kò sí nǹkan lára rẹ̀. Nǹkan wà. Àwọn Gíríìkì mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ètùtù fi wà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára láìjẹ̀bi. Ẹ wá ẹni tó lè bá a fọ̀ ọ́ lọ́nà tí òun gbà gbọ́, ìbáà ṣe wòlíì, ìbáà ṣe àlùfáà, ìbáà ṣe àgbà ilé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bá àwọn òbí ọmọ tó kú sọ̀rọ̀. Òfin Draco mọ̀ pé àwọn nìkan ló lè ní kó padà wálé. Kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, gbé àwo oúnjẹ lọ bá a, kí o jókòó, kí o sì ki ọwọ́ bọ inú àwo náà ṣáájú rẹ̀. Antigone kò ní kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́ kó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

N kò mọ ibi tí ọmọ náà wà báyìí. Òun náà yóò ti di ìyá àgbà. Bí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má dárúkọ rẹ̀ níbí o. Ẹ kàn bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i. Kí ẹ̀yin tó kù sì mú ìwé ìkọ̀wé àtijọ́ yín, bí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́, kí ẹ fi bírò fa ìlà sórí "ìgbéraga".